Ológbò ìta ń yọ wá lẹ́nu ní Gáà-Akanbí, ṣùgbọ́n ẹ̀rù eku ń bà mí: kí ni kí n ṣe?

Ìyá Wúrà (Gáà-Akanbí, Ìlọrin)

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará Kwara. Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó bá ti rí irú èyí rí ni mo fẹ́ kó dá mi lóhùn.

Ayálégbé mẹ́rin la jọ ń gbé nínú ọgbà kan. Láti ìgbà tí àwọn tó wà nílé kejì ti kó lọ, tí ilé náà sì ṣófo, ni àwọn ológbò ìta ti sọ ọ̀dọ̀ wa di ilé wọn. Inú ebè ewédú tí mo gbìn sẹ́yìn kíṣìnì ni wọ́n ń yàgbẹ́ sí. Akọ kan wà nínú wọn tó máa ń tọ̀ sára ilẹ̀kùn, òórùn rẹ̀ kì í sì í tán bọ̀rọ̀. Bó bá di òru, wọn á máa ké bí ọmọ tuntun, ọmọ mi á ta jí, kò ní sùn mọ́ títí ilẹ̀ á fi mọ́. Wọ́n ti ṣí ìkòkò ẹja mọ́ mi lọ́wọ́. Ní báyìí, ọ̀kan ti bímọ sínú àjà, à ń gbọ́ ohùn àwọn ọmọ rẹ̀ lókè yàrá.

Èlùbó àti gààrí ni mò ń tà, yàrá kan nínú ilé ni mo sì kó o sí. Ìyá ọkọ mi ní ọjọ́ tí mo bá lé ológbò ni èkúté máa bẹ̀rẹ̀ sí í gbé inú àpò èlùbó mi. Ẹnì kan nínú ilé ní kí n fi májèlé sínú ẹja kí ọ̀rọ̀ ó parí. Àbúrò mi obìnrin tó lóyún tún ń bọ̀ wá bá wa gbé, mo sì ti gbọ́ pé ìgbẹ́ ológbò kò dára fún aboyún. Mi ò fẹ́ pa ẹran Ọlọ́run, mi ò sì fẹ́ kí eku ba ọjà mi jẹ́. Ọ̀nà wo ni mo lè gbà bọ́ lọ́wọ́ méjèèjì?

Ayọ̀ Táńkẹ̀

Ẹ kú ìrọ́jú, mà. Ní ilé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí mò ń gbé ní Táńkẹ̀, òtápiápíá ni ẹni tó ń bójú tó ilé dà sórí orí panla, ó kó o sẹ́yìn ilé. Kò pẹ́ tí a ò fi rí ológbò mọ́. Òun ló yá jù, kò sì wọ́n.

Akẹ́kọ̀ọ́ Ìṣègùn Ẹran (Unilorin)

Ìyá wa, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dán an wò. Ìtọ́jú ẹranko ni mò ń kọ́ ní Yunifásítì Ìlọrin, ọ̀rọ̀ májèlé yìí sì máa ń dùn mí.

Dichlorvos ló wà nínú ohun tí à ń pè ní òtápiápíá. Oògùn kòkòrò ni, ṣùgbọ́n bó ṣe ń ṣe aáyán náà ló ń ṣe èèyàn. Nítorí ẹ̀mí tó ń bá a lọ ni NAFDAC ṣe fòfin de títà á nínú ìgò kékeré ní ọdún 2019. Ẹja tí ẹ bá fi í sí, ta ló mọ ẹni tó máa kọ́kọ́ débẹ̀? Adìẹ ará ilé lè débẹ̀, ajá lè débẹ̀, ọmọ tó ń rá kòrò lè débẹ̀. Ológbò tó bá sì jẹ ẹ́, ibi kọ́lọ́fín ló máa wọ̀ lọ kú sí. Inú àjà yín nìyẹn, lókè ibi tí ẹ̀ ń sùn.

Ẹ ṣọ́ra fún oògùn eku pẹ̀lú. Èyí tó wọ́pọ̀ lọ́jà nínú wọn ni èyí tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì. Eku tó jẹ ẹ́ kì í kú lọ́jọ́ náà. Á máa rìn bí ẹni tó mutí yó fún ọjọ́ mẹ́ta, mẹ́rin, nígbà náà ló rọrùn jù fún ológbò láti gbá a mú. Ológbò tó bá ń jẹ irú eku bẹ́ẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ̀jẹ̀ sínú títí á fi kú. Ilé tó ń lo oògùn yẹn ń fọwọ́ ara rẹ̀ pa ọdẹ tó ń bá a pa eku.

Kí gbogbo wa tó máa dárúkọ oògùn, ẹ jẹ́ kí n bi yín ní ìbéèrè kan, mà. Kí ni àwọn ológbò náà ń jẹ nínú ọgbà yín? Ológbò kì í gbé ibi tí ebi ti ń pa á. Ẹ rọra yí ọgbà ká nírọ̀lẹ́, kí ẹ tún yí i ká ní àárọ̀ kùtù, kí ẹ wá sọ ohun tí ẹ bá rí fún wa.

Àfáà Òkèlele

Àsàláàmù àlàékúmù. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ọmọ wa tó sọ̀rọ̀ yìí. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbà wọ́n níyànjú láti fi májèlé pa ẹran tí kò ṣẹ̀ yín, ẹ bẹ̀rù Ọlọ́run. Ó wà nínú hadith tó fẹsẹ̀ múlẹ̀ pé obìnrin kan wọ iná nítorí ológbò tó tì mọ́lé: kò fún un lóúnjẹ, kò sì jẹ́ kó jáde lọ ṣọdẹ àwọn kòkòrò ilẹ̀ jẹ. Hadith mìíràn tún fi yé wa pé ológbò kì í ṣe ẹlẹ́gbin, pé ó wà lára àwọn tó ń rìn wọlé rìn jáde láàárín wa. Èyí kò sọ pé kí ẹ jẹ́ kí ó máa yàgbẹ́ sínú ewédú yín o. Ẹ lé e, ẹ dínà mọ́ ọn, ó tọ́. Àmọ́ ìyà àti májèlé kò tọ́.

Ìyá Wúrà

Ẹ ṣeun, ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ ṣeun Àfáà. Mo ti yí ọgbà ká bí ẹ ṣe wí.

Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri ilé tó ṣófo ni gbogbo wa ń da ìdọ̀tí sí, inú ọ̀rá lásán ni, kò sí gárawa. Obìnrin kan nínú ilé wa ń dín ẹja tà, ìfun ẹja àti omi tó fi ń fọ̀ ọ́ ń lọ sínú gọ́tà tó wà lẹ́yìn kíṣìnì. Bàbá tó wà ní yàrá iwájú ń sin adìẹ. Ó máa ń da àmàlà àná àti èérí ògì sílẹ̀ fún wọn nírọ̀lẹ́, èyí tí wọn ò bá jẹ tán á sun ibẹ̀. Mo rí ìgbẹ́ eku lábẹ́ àtẹ́lẹ̀ àpò gààrí mi, bẹ́ẹ̀ ológbò kún ilé o!

Akẹ́kọ̀ọ́ Ìṣègùn Ẹran

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà nìyẹn, mà. Oúnjẹ kan náà ló ń pe ológbò àti eku. Wọ́n jọ ń jẹ ìdọ̀tí yẹn ni, òru kan náà ni wọ́n sì ń jáde. Bí ẹ bá lé ológbò tí ẹ fi oúnjẹ sílẹ̀, eku á pọ̀ lóòótọ́, bí ìyá ọkọ yín ṣe wí. Tí ẹ bá kó oúnjẹ kúrò kí ẹ tó lé ẹnikẹ́ni, méjèèjì ló máa dín kù.

Ohun kan wà tí èmi náà ò gbà gbọ́ tẹ́lẹ̀ àfìgbà tí mo kà á: ológbò ìta kò fi bẹ́ẹ̀ pa èkúté ńlá. Ní ọdún 2018, àwọn olùwádìí kan gbé àbájáde iṣẹ́ wọn jáde láti Brooklyn ní New York. Wọ́n fi kámẹ́rà ṣọ́ ilé-iṣẹ́ kan tí wọ́n ti ń tún pàǹtí lò, níbi tí eku pọ̀ sí, tí ológbò ìta sì ń wọ̀. Nínú ọjọ́ 79 tí wọ́n fi ṣọ́ wọn, eku méjì péré ni ológbò pa. Ohun tí eku tó kù ṣe ni pé wọ́n túbọ̀ ń sá pamọ́. Ẹ̀lírí àti ọmọ eku ni ológbò máa ń mú jù, torí èkúté tó ti dàgbà lè bù ú jẹ. Bí èèyàn ò bá wá rí eku lójú mọ́, á rò pé wọ́n ti tán nílé.

Àgbẹ̀ Òmù-Àrán

Ọmọ mi, mi ò bá ọ jiyàn nípa New York, ṣùgbọ́n jẹ́ kí n sọ ti ìhà ọ̀dọ̀ wa. Lẹ́yìn ìkórè, bí ọyẹ́ bá ti mú, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í dáná sungbó, ojú ni mo fi ń rí eku tó ń sá láti oko wá sínú ilé. Àgbàdo wà ní àká, ẹ̀wà wà nínú àpò, iṣu wà nílẹ̀. Ilé tí kò ní ológbò nígbà yẹn, ẹkún ni onílé máa sun. Abo kan wà lọ́dọ̀ mi tí mo tọ́ láti kékeré. Ó ń mú ẹ̀lírí, ó ń mú asín bí kì í tilẹ̀ jẹ ẹ́, ó sì ń mú àwọn ọmọ èkúté kí wọ́n tó dàgbà. Kì í yàgbẹ́ sínú ilé, kì í sì í jẹ́ kí ológbò ẹlòmíràn wọ ọgbà. Èmi kò ní gbà pé ológbò kò wúlò.

Akẹ́kọ̀ọ́ Ìṣègùn Ẹran

Bàbá, ẹ kú iṣẹ́ oko, sà. Ohun tí ẹ sọ yìí gan-an ni mo fẹ́ kí Ìyá Wúrà gbọ́. Ológbò tó lólówó yàtọ̀ sí ológbò ìta. Tiyín ní ilé, ó ní oúnjẹ, kò nílò láti ṣí ìkòkò ẹnikẹ́ni, ó sì ń dáàbò bo ibi tó mọ̀ sí tirẹ̀. Ẹ̀rí sì pọ̀ pé òórùn ológbò nìkan ń mú kí ẹ̀lírí máa fi ẹ̀rù rìn. Àwọn ìta tó pọ̀ jù lójú kan ló ń di wàhálà, torí pé wọ́n ń jà, wọ́n ń gùn, wọ́n ń bímọ. Oyún ológbò kì í ju oṣù méjì àti ọjọ́ díẹ̀ lọ, abo sì lè lóyún nígbà tó bá wà ní nǹkan bí oṣù mẹ́rin tàbí márùn-ún. Ẹ ò rí i pé kíákíá ni ọgbà ń kún.

Ohun tó ń dá a dúró ni pé kí wọ́n tẹ akọ lọ́dàá, kí wọ́n sì ṣe iṣẹ́ abẹ fún abo kó má bímọ mọ́. Ilé ìwòsàn ẹranko wà ní yunifásítì wa, àwọn dókítà ẹranko mìíràn náà sì wà nígboro. Akọ tí wọ́n bá tẹ̀ lọ́dàá kì í sábà tọ̀ sára ògiri mọ́, kì í ké lóru mọ́, kì í sì í jà kiri. Wọ́n máa ń gé ṣóńṣó etí kan lára èyí tí wọ́n bá ti ṣe fún, kí ẹni tó bá rí i lọ́nà lè mọ̀.

Ayọ̀ Táńkẹ̀

Ṣé kí wọ́n máa gbé ológbò tí kò lólówó lọ sọ́dọ̀ dókítà? Ta ló máa sanwó rẹ̀? Ìyá Wúrà ń sọ pé àwọn ò sùn. Kí ni kí wọ́n ṣe sí ìtọ̀ tó wà lára ilẹ̀kùn lónìí?

Nọ́ọ̀sì Ọ̀rọ̀ Àgọ̀

Àbúrò, ìbéèrè tó dára ni. Ọṣẹ àti omi lọ́nà àkọ́kọ́, ẹ fọ̀ ọ́ dáadáa. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ pò fínígà mọ́ omi, kí ẹ fi nù ún, kí ẹ sì jẹ́ kí oòrùn pa á. Ẹ má da bílíìṣì sórí ìtọ̀ tútù, ẹ má sì da bílíìṣì pọ̀ mọ́ fínígà láé, èéfín tó ń ti ibẹ̀ jáde ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́. Bí òórùn ìtọ̀ bá ṣì wà níbẹ̀, akọ náà á padà wá tọ̀ síbẹ̀, ìdí nìyẹn tí fífọ̀ fi ṣe pàtàkì.

Nípa ti àbúrò Ìyá Wúrà tó lóyún: àrùn kan wà tí wọ́n ń pè ní toxoplasmosis. Inú ìgbẹ́ ológbò ni ẹyin kòkòrò tó ń fà á ti ń jáde, ṣùgbọ́n kì í lè ran èèyàn lọ́jọ́ tó jáde. Ó máa ń tó ọjọ́ kan sí márùn-ún kó tó lágbára, ó sì lè wà nínú ilẹ̀ fún ju ọdún kan lọ. Bí aboyún bá kó o fún ìgbà àkọ́kọ́, ó lè ran ọmọ inú rẹ̀. Nítorí náà, kí aboyún má fọwọ́ lásán kan ebè yẹn, kí ẹlòmíràn máa bá a já ewédú, kí wọ́n fi omi púpọ̀ fọ̀ ọ́, kí ó sì máa jẹ ẹran tó jinná dáadáa. Kò pọn dandan kí ó sá fún ológbò tó bá kàn ń kọjá lọ.

Bí ológbò bá bu ẹnikẹ́ni jẹ tàbí ó ha á lára, ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn ni kí ẹ fi fọ ojú ibẹ̀ fún ìṣẹ́jú 15, kí ẹ sì gba ilé ìwòsàn lọ lọ́jọ́ náà fún abẹ́rẹ́ àjẹsára. Ajá nìkan kọ́ ló ń ní dìgbòlugi. Bí àmì rẹ̀ bá ti yọ lára èèyàn, kò sábà sí ohun tí dókítà lè ṣe mọ́.

Eku gan-an ló ń bà mí lẹ́rù nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ọdún 1969 ni wọ́n kọ́kọ́ mọ ibà Lásà ní ìlú Lassa ní Borno, eku kan tí ọmú rẹ̀ pọ̀ ló sì ń gbé e kiri. Ìtọ̀ àti ìgbẹ́ rẹ̀ lórí oúnjẹ ló fi ń ran èèyàn. Ó lè tó ọjọ́ 21 kí àìsàn náà tó fara hàn, ọ̀pọ̀ sì máa ń rò pé ibà lásán ni. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ló máa ń pọ̀ jù. Ẹni tó ń ta gààrí kò gbọ́dọ̀ fojú kékeré wo ìgbẹ́ eku tó rí lábẹ́ àpò.

Bàbá Ṣààrẹ́

Gbogbo yín ń sọ ti dókítà, kò sẹ́ni tó bèèrè àwọ̀ ológbò náà. Èyí tó ń ké lóru bí ọmọ tuntun yẹn, ẹ wò ó bóyá dúdú ni. Nígbà tí a wà lọ́mọdé, a kì í fi irú ẹ̀ ṣeré.

Àfáà Òkèlele

Bàbá, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Mo bọ̀wọ̀ fún ohun tí àwọn àgbà wa sọ, ṣùgbọ́n igbe yẹn kò ju igbe abo tó ń wá akọ àti akọ tó ń jà nítorí abo lọ. Dúdú ń ké e, funfun ń ké e. Mo ti rí i níbi tí wọ́n ti fi ọ̀rọ̀ àjẹ́ sọ ológbò lókùúta pa, tí àwọn ọmọ rẹ̀ sì jẹrà sínú àjà onílé. Ẹ jẹ́ kí àdúrà wà lẹ́nu wa, kí àánú náà wà lọ́wọ́ wa.

Káfíńtà Sángo

Mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín bọ̀ láti òkè, ẹ jẹ́ kí n wá sọ̀rọ̀ ilé nítorí iṣẹ́ mi nìyẹn. Àwọn àgbà ní bí ògiri ò bá lanu, alángbá kì í wọ̀ ọ́.

Ìyá Wúrà, ẹ má tíì pe ẹnikẹ́ni láti dí àjà o. Àwọn ọmọ ológbò wà nínú rẹ̀. Tí a bá dí i mọ́ wọn, wọ́n á kú síbẹ̀, ìyá wọn á sì fi èékánná ya àjà níbi tó bá ti fẹ́ wọlé. Ẹ gbé iná sókè níbẹ̀ lóru, kí ẹ sì fi rédíò sí itòsí ihò tí ìyá wọn ń gbà. Ológbò kì í fẹ́ ibi aláriwo fún ọmọ rẹ̀, á fẹnu gbé wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí ẹ ò bá gbọ́ ohùn wọn mọ́, ẹ jẹ́ kí ẹnì kan gun òkè lọ wò ó ní ọ̀sán kí ẹ tó jẹ́ ká dí i.

Ní ọ̀pọ̀ ilé tí mo ti ṣiṣẹ́ nígboro yìí, etí òrùlé ni wọ́n ń gbà wọlé, níbi tí páànù ti pàdé ògiri. Àwọn bíríkìlà kì í kún ibẹ̀ dé òkè. Nẹ́ẹ̀tì onírin tí ojú rẹ̀ kéré ni kí ẹ rà, kì í ṣe èyí tí wọ́n fi ń ṣe ilé adìẹ. Ti ilé adìẹ lè dá ológbò dúró, àmọ́ eku á gba inú rẹ̀ kọjá. Kí ojú rẹ̀ má ju mílímítà 6 lọ, torí ihò tí ìdí bírò bá lè wọ̀, ẹ̀lírí lè wọ̀ ọ́. Èkúté kò nílò ju bí ìlọ́po méjì ìyẹn lọ. Ìṣó àti pákó ni kí wọ́n fi kàn án mọ́lẹ̀ yí ká, ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi okùn so ó.

Ẹ tún wo ibi tí páìpù omi àti wáyà iná ti gba ara ògiri wọlé. Ẹ fi kànrìnkàn onírin dí i, kí ẹ wá fi sìmẹ́ǹtì rẹ́ ẹ. Bí ẹ bá lo ọ̀rá tàbí fóòmù, eku á jẹ ẹ́. Abẹ́ ilẹ̀kùn yàrá ọjà yín náà ṣe kókó. Kí wọ́n kan páànù pẹlẹbẹ mọ́ ìdí ilẹ̀kùn níta kó fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ilẹ̀. Bí ẹ̀ka igi bá sì wà tó sún mọ́ òrùlé, ẹ gé e sẹ́yìn, ó kéré tán mítà kan àti ààbọ̀, torí eku ń fò dáadáa.

Ọmọ Ọ̀fà

Ẹ̀gbọ́n Káfíńtà ti sọ̀rọ̀ tán. Ànàmọ́ ni à ń kó pamọ́ lọ́dọ̀ wa, nítorí náà mo mọ ìjà eku.

Ìyá Wúrà, ẹ má fi àpò sórí ilẹ̀. Pákó ni kí ẹ tò sábẹ́ rẹ̀, kí ó sì jìnnà sí ògiri débi tí ìgbálẹ̀ yín á fi lè kọjá lẹ́yìn rẹ̀. Gààrí tí ẹ̀ ń tú tà, inú dúrọ́ọ̀mù tó ní ọmọrí ni kí ó wà. Nípa pàkúté, ara ògiri ni eku ń gbà rìn, kì í gba àárín yàrá. Ẹ gbé e kí ojú rẹ̀ kọ sí ògiri. Ẹ̀pà tí ẹ gún díẹ̀ tàbí ẹja gbígbẹ ni kí ẹ fi sí i, kí ẹ so ó mọ́ ọn kó má baà jí i gbé lọ. Ẹ kọ́kọ́ fi oúnjẹ sí i fún ọjọ́ mélòó kan láìdẹ ẹ, nítorí èkúté máa ń fura sí ohun tuntun. Bí ó bá ti mọ́ ọn lára, kí ẹ wá dẹ ẹ́, kí ẹ sì dẹ púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Mi ò fẹ́ràn pátákó aláte yẹn. Eku á máa joró lórí rẹ̀ títí ilẹ̀ á fi mọ́, ọmọ ológbò náà sì lè lẹ̀ mọ́ ọn.

Nípa ebè ewédú: ilẹ̀ gbígbẹ tó rọ̀ ni ológbò ń wá láti yàgbẹ́ sí. Ẹ bomi rin ín déédéé, kí ẹ tẹ́ nẹ́ẹ̀tì ilé adìẹ tí Káfíńtà ní kí ẹ má lò sókè yẹn sórí ilẹ̀ ebè, ewédú á gba ojú rẹ̀ hù, ológbò kò sì ní lè walẹ̀. Èèpo ọsàn ń ṣiṣẹ́ díẹ̀ nígbà tó bá tutù. Bó bá ti gbẹ, kò wúlò mọ́.

Ayọ̀ Táńkẹ̀

Ata gígún ńkọ́? Àti káńfọ̀?

Akẹ́kọ̀ọ́ Ìṣègùn Ẹran

Rárá sí méjèèjì, ẹ̀gbọ́n. Ata á lẹ̀ mọ́ ẹsẹ̀ ológbò, á fi nu ojú, ó lè ba ojú rẹ̀ jẹ́. Òjò kan á sì fọ ata náà lọ. Káńfọ̀ jẹ́ májèlé fún ológbò àti fún ọmọdé tó bá rò pé súìtì ni. Omi lásán nínú ike tí wọ́n ń fín ló dára jù. Bí ẹ bá rí i, ẹ fín in sí i lára, á sá lọ láìfarapa. Ẹ sì má ju ẹja sí i lọ́jọ́ kejì nítorí àánú o.

Ìyá Wúrà

Ọlọ́run á san yín lẹ́san. A ti jókòó nínú ilé, gbogbo ayálégbé. Kò kọ́kọ́ rọrùn, torí obìnrin tó ń dín ẹja rò pé òun ni mo dìídì ń bá wí. Mo ka ọ̀rọ̀ Nọ́ọ̀sì nípa ibà Lásà sí wọn létí, ara gbogbo wa sì balẹ̀ láti sọ̀rọ̀. Ó ti ń da ìfun ẹja sínú gárawa tó ní ọmọrí báyìí, ó sì ń fi ọṣẹ fọ gọ́tà bó bá ṣe tán. Bàbá aládìẹ gbà láti máa bọ́ wọn ní àárọ̀, kí ó sì máa gbá ibẹ̀ kó tó di alẹ́. A dáwó ra gárawa ìdọ̀tí ńlá méjì. Lánlọ́ọ̀dù ní òun á san owó nẹ́ẹ̀tì, kí àwa san owó iṣẹ́.

Ìyá ológbò ti ń kó àwọn ọmọ rẹ̀ sọ̀kalẹ̀ nítorí rédíò. Àwọn tó kù kò wá bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Akọ yẹn ṣì ń wá sẹ́nu ilẹ̀kùn. Àwa mẹ́rin sì ti pinnu pé a ó jọ dáwó tẹ̀ ẹ́ lọ́dàá, ẹ bá mi bèèrè iye tí wọ́n ń gbà.

Akẹ́kọ̀ọ́ Ìṣègùn Ẹran

Màá bèèrè, mà, màá fi ránṣẹ́ sí yín ní ìkọ̀kọ̀. Ẹ má fọwọ́ lásán mú un. Àgò tí wọ́n fi ń mú ẹran láàyè ni a máa lò. Ní ti àwọn ọmọ, bí wọ́n bá ti tó oṣù méjì, tí wọ́n ń jẹun fúnra wọn, wọ́n lè kúrò lẹ́yìn ìyá wọn. Ẹni tó bá fẹ́ ọ̀kan, kí ó sọ.

Àgbẹ̀ Òmù-Àrán

Ẹ fi abo kan sílẹ̀ fún mi. Ọmọ mi tó wà ní Adéwọlé á wá gbé e. Màá tọ́jú rẹ̀, èmi náà á sì ṣe iṣẹ́ abẹ yẹn fún un bó bá dàgbà tó.

Ọmọ Ọ̀fà

Ìyá Wúrà, àpò gààrí tí ẹ rí ìgbẹ́ eku lábẹ́ rẹ̀ ńkọ́? Kí ni ẹ ṣe sí i?

Nọ́ọ̀sì Ọ̀rọ̀ Àgọ̀

Ẹ ṣeun tí ẹ bèèrè. Mà, bí eku bá ti já àpò náà, tàbí ìtọ̀ rẹ̀ ti rin ín, ẹ má sá a sóòrùn kí ẹ tún un tà. Oòrùn kò lè fọ ohun tó ti wọ inú gààrí. Ẹ má sì gbá ìgbẹ́ eku ní gbígbẹ, eruku rẹ̀ á wọ imú yín. Ife bílíìṣì kan sí omi ife mẹ́sàn-án, ẹ wọ́n ọn sí i kó rin dáadáa, ẹ dúró fún bí ìṣẹ́jú márùn-ún, kí ẹ tó fi àkísà nù ún. Kí ìbọ̀wọ́ wà lọ́wọ́ yín, bí kò bá sì sí, ẹ fi ọ̀rá wé ọwọ́.

Ìyá Wúrà

Àpò méjì ni wọ́n já. Mo ti yọ wọ́n sọ́tọ̀, mi ò ní tà wọ́n. Ọkọ mi ń gbẹ́ ihò lẹ́yìn ilé lọ́wọ́, níbi tó jìnnà sí kànga. A ó da omi bílíìṣì yẹn lé e lórí, kí a tó fi erùpẹ̀ bò ó mọ́lẹ̀ jìn, kí adìẹ Bàbá má baà tú u.